Ẹrù ta ni ìjọba ń gbé nígbà tí ọrọ̀ ajé bá dẹnu kọlẹ̀?

Olùkọ́ kan kọ̀wé sí mi láti Ìdànrè. Mo ké ìwé náà kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nìyí: “Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kòkó ni wọ́n sì fi tọ́ gbogbo wa. Wọ́n máa ń sọ pé ọjọ́ tí ìjọba Babangida tú Àjọ Kòkó ká ni ìyà àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní yunifásítì yàtọ̀. Wọ́n ní kí ìjọba yàgò fún òwò. Síbẹ̀, ní 2009, ìjọba kó owó rẹpẹtẹ sínú àwọn báńkì kí wọ́n má baà kú. Ṣé báńkì ṣe pàtàkì ju àgbẹ̀ lọ ni? Kí ni iṣẹ́ ìjọba gan-an lẹ́yìn irú ìdààmú bẹ́ẹ̀? Mo sì ń gbọ́ báyìí pé àwọn kan fẹ́ kí àjọ náà padà wá. Kí ni kí n sọ fún bàbá?”

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ sì bá mi kí bàbá. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí ọmọ oníkòkó ni èmi náà, ètò ọrọ̀ ajé ni mo sì fi ayé mi kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí n kò fi fara mọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, bí ẹni pé ìjọba ń wọlé, ìjọba ń jáde. Nínú gbogbo òwò ni ewu wà. Ọjà lè wálẹ̀, òjò lè pọ̀ jù, ẹni tó yá owó lè má rí i san padà. Ẹnì kan ní láti ru ẹrù náà, yálà àgbẹ̀ ni o, oníṣòwò ni o, ẹni tó fi owó pamọ́ sí báńkì ni o, tàbí gbogbo ìlú lápapọ̀. Nígbà tí ìdààmú bá dé, ẹrù náà á wúwo ju agbára ẹni tó ti ń rù ú bọ̀ lọ, ìgbà náà sì ni ìjọba máa ń yàn ẹni tí yóò bá sọ̀ àti ẹni tí yóò gbé e kà lórí. Nítorí náà, ohun tí mo máa ń béèrè lẹ́yìn ìdààmú èyíkéyìí ni pé ẹrù ta ni ìjọba gbà rù, ta ló ń san owó aláàárù, ìgbà wo ni wọn yóò sì sọ̀ ọ́. Ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta yìí wo ìtàn kòkó, ẹ ó rí i pé bàbá kò purọ́, ṣùgbọ́n pé àárín ìtàn náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Inú ìdààmú ni wọ́n ti bí Àjọ Kòkó fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí ọjà ìpín ìdókòòwò New York já lulẹ̀ ní 1929, tí ọrọ̀ ajé àgbáyé sì dojú dé, owó kòkó wálẹ̀ kọjá ohun tí àwọn bàbá wa lè fara dà. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń ra kòkó kò pọ̀, ní 1937 sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn pawọ́ pọ̀, wọ́n fẹnu kò sí iye kan náà tí wọn yóò máa san. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní, gbé kòkó wọn sílé, wọ́n kọ̀ láti tà á fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi rán ìgbìmọ̀ kan wá wádìí ọ̀rọ̀ náà ní 1938. Wọn kò tíì rí ojútùú sí i tí ogun Hitler fi bẹ́ sílẹ̀ ní 1939. Ọkọ̀ ojú omi di ọ̀wọ́n, ọjà Jámánì sì di èyí tí a kò lè tà sí mọ́. Bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò bá ra kòkó, igbó ni ì bá jẹrà sí, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ohun tí ebi lè mú kí àwọn àgbẹ̀ ṣe nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́. Ìjọba ní òun yóò ra gbogbo kòkó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní iye tí òun bá dá. Bí ẹrù ṣe bọ́ lórí àgbẹ̀ bọ́ sórí ìjọba nìyẹn.

Ogun parí ní 1945, ṣùgbọ́n ìjọba kò sọ ẹrù náà kalẹ̀. Ní 1947, ó sọ ètò ìgbà ogun di Àjọ Ọjà Kòkó Nàìjíríà, ní 1954 sì ni ẹkùn kọ̀ọ̀kan gba àjọ tirẹ̀. Bí Àjọ Ọjà Ìwọ̀ Oòrùn ṣe dé nìyẹn. Ìlànà rẹ̀ dára létí. Nígbà tí kòkó bá gbówó lórí lókè òkun, àjọ yóò san ìwọ̀nba fún àgbẹ̀, yóò sì fi ìyókù pamọ́. Nígbà tí ọjà bá kú, yóò mú nínú èyí tó pamọ́ fi dí ibi tó jò. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ rí yóò lóye rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ mọ iye tó dá, ó mọ ọjọ́ tí yóò kó o, bí alájọ bá sì ná an, ó mọ ilé rẹ̀. Àgbẹ̀ kò mọ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Owó náà kò ṣègbé. Lára rẹ̀ ni ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ti rí ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní January 1955, òun náà ló sì wà lẹ́yìn orúkọ tí wọ́n fún Ilé Kòkó, ilé alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n parí ní Ìbàdàn ní 1965. Èmi gan-an wà lára àwọn ọmọ tí owó kòkó rán ní ilé ìwé, n kò sì ní dijú sí oore náà. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀: ohun tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdáàbòbò fún àgbẹ̀ ti di owó orí tí àgbẹ̀ nìkan ń san, tí wọn kò sì ka owó náà níṣojú rẹ̀. Nígbà tí àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà dìde ní 1968 àti 1969, tí wọ́n kọ owó orí, tí wọ́n sì lọ já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní Ìbàdàn láti tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀, lára ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí owó tí ìjọba ń san lórí kòkó gòkè. Ẹ béèrè lọ́wọ́ bàbá; ó dá mi lójú pé wọ́n rántí.

Nítorí náà, nígbà tí bàbá bá ní àjọ náà dára, ohun méjì ni wọ́n so pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan. Àjọ ń dá iye owó, ó sì ń jẹ lórí iye náà. Àjọ kan náà, pẹ̀lú ẹ̀ka ayẹ̀wò ti ìjọba, ló sì ń ṣe ohun mìíràn tí mo fi ojú ara mi rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ní ilé ìkẹ́rù tí àwọn tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ ti ń gba kòkó ní ìlú wa. Ayẹ̀kòkówò yóò dé ní òwúrọ̀, yóò gún àpò pẹ̀lú irin ṣóńṣó oníhò, kóró kòkó yóò sì yọ́ wá sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Yóò mú láti àpò yìí, yóò mú láti ti ọ̀hún, yóò da gbogbo rẹ̀ pọ̀, yóò ka iye kan sọ́tọ̀, yóò wá fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan lórí pákó. Èyí tí wọ́n bò dáadáa sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, tí wọ́n sì sá gbẹ, inú rẹ̀ á pọ́n bí igi àtijọ́. Èyí tí wọ́n kánjú sá láìbò, inú rẹ̀ á rí bí eérú tàbí kó jọ àwọ̀ àlùkò. Èyí tó ti bu, èyí tí kòkòrò ti jẹ, gbogbo rẹ̀ ló ń kà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo rí bàbá tèmi tó dúró síbẹ̀ láìsọ̀rọ̀ títí ọkùnrin náà fi ká ọ̀bẹ rẹ̀. Bí kòkó bá yege, wọ́n á lu èdìdì mọ́ àpò. Bí kò bá yege, yóò padà sílé lọ tún un ṣà. Kò sí oníṣòwò kan tó lè san owó iṣẹ́ yẹn ní òun nìkan, nítorí bí orúkọ kòkó Nàìjíríà bá dára ní London, gbogbo wa ló ń jẹ nínú rẹ̀, àti ẹni tó ṣe dáadáa àti ẹni tí kò ṣe é.

Nígbà náà ni 1986 dé. Epo rọ̀bì tí gbogbo ìlú ti gbára lé wálẹ̀ sí bíi dọ́là 10 fún àgbá kan láàárín oṣù díẹ̀, gbèsè òkè òkun sì ti gorí ara wọn. Ìjọba Babangida ti pe gbogbo ìlú sí àríyànjiyàn ní 1985 lórí bóyá kí a yá owó lọ́wọ́ IMF, àjọ owó àgbáyé. Ìlú ní rárá, ìjọba sì kéde ní ìparí ọdún náà pé a kò ní yá a. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ìlànà tí owó náà ì bá mú dání ṣì wọlé ní July 1986 lábẹ́ orúkọ SAP, ìyẹn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé. Wọ́n tú àwọn àjọ ọjà oko ká. Náírà kan tó ju dọ́là kan lọ ní 1985 di ohun tí èèyàn ní láti kó mẹ́rin jọ ní 1987 kó tó ra dọ́là kan ṣoṣo.

Kí ni èyí ṣe fún àgbẹ̀ kòkó? Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí bàbá nìyí, tí mo sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ mi ní sùúrù. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra kòkó lókè òkun, nítorí náà nígbà tí náírà wálẹ̀, tí kò sì sí àjọ mọ́ láàárín, iye náírà tó kan àgbẹ̀ lọ́wọ́ lé ní ìlọ́po méjì kí ọdún méjì tó pé. Àwọn tó ti pa oko tì padà sínú rẹ̀. Ìpín tí àgbẹ̀ ń rí nínú owó tí ayé ń san fún kòkó rẹ̀ sunwọ̀n ju ti gbogbo àkókò àjọ lọ. Lórí èyí, mo gbà pé ìjọba ṣe ohun tó tọ́ nígbà tó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú àpò àgbẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó sọ gbogbo ẹrù náà kalẹ̀ lójijì, èyí tó yẹ kó sọ̀ àti èyí tí ẹlòmíràn kò lè gbé. Ẹ̀ka ayẹ̀wò ti ìpínlẹ̀ kò kú lórí ìwé, ṣùgbọ́n olùrà ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tó lè ní òun kò gba kòkó yìí, ti lọ. Oògùn tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó láti fi pa àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú lásìkò òjò di ohun tí oníkálukú ń wá fúnra rẹ̀. Àwọn oníṣòwò tí kò mọ kòkó yàtọ̀ sí àgbàdo ya wọ inú abúlé. Ní 1988 sí 1989, wọ́n ń ra kòkó ní iye tó ju èyí tí ayé ń tà á lọ, nítorí pé kì í ṣe kòkó ni púpọ̀ nínú wọn ń wá. Ọ̀nà tí wọn yóò fi gbé owó wọn jáde kúrò ní Nàìjíríà ni wọ́n ń wá. Wọ́n gba tútù, wọ́n gba gbígbẹ, wọ́n gba èyí tó bu. Nígbà tó yá, àwọn olùrà lókè òkun bẹ̀rẹ̀ sí yọ owó lórí kòkó wa nítorí bí ó ṣe rí, àgbẹ̀ tó ń bò ó dáadáa sì ń gba iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń sá a láìbò. Ìyà tí bàbá ń sọ nìyí, òótọ́ sì ni.

Gánà bá irú ìdààmú kan náà pàdé, àní ó tilẹ̀ le fún wọn jù wá lọ, wọ́n sì gba ìlànà IMF láti 1983. Ṣùgbọ́n wọn kò tú àjọ tiwọn ká. Wọ́n dín àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kù, wọ́n jẹ́ kí àwọn aládàáni máa ra kòkó nínú ìlú láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n sì fi ayẹ̀wò àti títà sókè òkun sílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Kòkó wọn ṣì ń gba owó lé lórí títí dòní nítorí bí ó ṣe dára tó. Ní Côte d'Ivoire, wọ́n tú tiwọn ká ní 1999, ogun àti wàhálà sì tẹ̀lé e. Nígbà tí àlàáfíà padà dé, wọ́n tún dá àjọ mìíràn sílẹ̀ láti máa dá iye owó. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀nà tiwọn kò ní ẹ̀gún. Nígbà tí kòkó kọjá dọ́là 10,000 fún tọ́ọ̀nù kan ní 2024, irú èyí tí a kò rí rí, ìjọba Gánà ti fi iye kan sílẹ̀ tó kéré jìnnà sí ti ọjà, àwọn àgbẹ̀ tó wà lẹ́bàá ààlà sì ń gbé kòkó wọn gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí Togo. Ní ọdún yẹn, àgbẹ̀ Ìdànrè ń gba iye tó sún mọ́ ti ayé ju àgbẹ̀ Kumasi lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ báńkì, níbi tí mo ti gbọ́ ìrora nínú ìwé yín. Ẹ má jẹ́ kí a gbàgbé pé ìjọba kò gba báńkì là ní gbogbo ìgbà. Ní January 1998, wọ́n ti báńkì 26 pa lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí ìlànà ìdójútòfò dá ẹnikẹ́ni tó ní owó níbẹ̀ lójú kò ju 50,000 náírà lọ, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó. Àwọn tó fi owó pamọ́ ni wọ́n gbé ẹrù náà kà lórí. Ìrántí yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ti 2009 yàtọ̀. Àwọn báńkì ti yá àwọn ènìyàn lówó rẹpẹtẹ láti fi ra ìpín ìdókòòwò àti láti fi kó epo wọlé. Nígbà tí ìdààmú Amẹ́ríkà ran ayé ní 2008, ọjà ìpín ìdókòòwò wa pàdánù èyí tó lé ní ìdajì iye rẹ̀ láàárín ọdún kan, ẹ̀yáwó náà sì di òkú. Ní oṣù Kẹjọ 2009, Sanusi Lamido Sanusi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di gómìnà báńkì àpapọ̀ ní oṣù méjì sẹ́yìn, yọ ọ̀gá báńkì márùn-ún nípò lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kó tó di ìparí ọdún, bílíọ̀nù 620 náírà ti wọ inú báńkì mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án tí ara wọn kò dá, ní 2010 sì ni òfin dá AMCON, àjọ ìjọba kan, sílẹ̀ láti ra àwọn gbèsè tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ gbogbo báńkì.

Ṣé nítorí pé báńkì ṣe pàtàkì ju àgbẹ̀ lọ ni? Rárá, ṣùgbọ́n ìṣubú báńkì a máa yára ran ẹlòmíràn. Bí oko kan bá kú ní Ìdànrè lọ́dún yìí, oko kejì ṣì wà. Bí báńkì kan bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwọn oníbàárà yóò tò sẹ́nu ọ̀nà báńkì tí kò ṣẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó mọ èyí tó kàn. Owó oṣù olùkọ́, owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, owó tí oníṣòwò fẹ́ fi ra kòkó gan-an, inú báńkì ni gbogbo rẹ̀ wà. Kò sí ẹnikẹ́ni tó fi owó pamọ́ sí báńkì wọ̀nyẹn tó pàdánù kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ ní 2009, mo sì ka èyí sí iṣẹ́ rere. Ibi tó dùn mí ni ti àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tí wọ́n fi owó ìfẹ̀yìntì ra ìpín ìdókòòwò. Mo mọ ọkùnrin kan tó ṣì fi ìwé ẹ̀rí ìpín tirẹ̀ sínú ọ̀rá, lábẹ́ Bíbélì, tó ń béèrè lọ́wọ́ mi lọ́dọọdún bóyá yóò jí. Báńkì tó ra ìpín nínú rẹ̀ wà lára mẹ́ta tí ìjọba gbà pátápátá ní 2011, kò sì ní jí. Àwọn kan wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, tí wọ́n yá ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù, tí AMCON ṣì ń lé kiri ilé ẹjọ́ títí di òní.

Síbẹ̀, ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta àkọ́kọ́ wò ó, ẹ ó rí i pé AMCON ní ohun kan tí Àjọ Kòkó kò ní rí. Wọ́n kọ ọ́ sí òfin pé àwọn báńkì fúnra wọn ni yóò máa san lára owó aláàárù náà. Ìdá kan nínú ohun ìní wọn lọ́dọọdún, tó bẹ̀rẹ̀ láti 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún, tó sì gòkè sí 0.5. Àbùkù rẹ̀ wà níbi ìbéèrè kẹta: wọ́n ti tún òfin náà ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, a kò sì tíì rí ọjọ́ tí wọn yóò sọ̀.

Ní ti àwọn tó fẹ́ kí Àjọ Kòkó padà wá, ẹ sọ fún bàbá pé èmi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún máa dá iye owó kòkó fún wọn, àfi bí wọ́n bá lè fi ìwé ìṣirò hàn wọ́n ní gbogbo ọdún, bí alájọ ṣe ń fi káàdì han oníbàárà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ayẹ̀kòkówò padà tòun tọ̀bẹ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn láti 1964 ní owó tó tó láti gbé irúgbìn tuntun dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí igi tó dàgbà tó bàbá kò lè so bíi ti ọmọdé.

Ẹrù tuntun kan tún ti dé, tí ọwọ́ àgbẹ̀ kò ká rárá. Ní 2023, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó wà níṣọ̀kan ṣe òfin pé kòkó tí wọ́n gbìn sórí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn December 31, 2020 kò gbọ́dọ̀ wọ ọjà wọn, àti pé ẹni tó bá fẹ́ tà á gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí ojú ibi tí oko náà wà lórí àwòrán ilẹ̀. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n òfin náà ṣì wà. Igbó ọba Ìdànrè kò jìnnà sí ọ̀pọ̀ oko níbẹ̀. Bí ìjọba kò bá ya àwòrán àwọn oko wọ̀nyí fúnra rẹ̀, kí ó sì fi pamọ́ síbi tí gbogbo olùrà lè rí i, àwọn oníṣòwò ńlá ni yóò yà á, ẹni tó bá sì yà á ni yóò mọ ẹni tí àgbẹ̀ lè ta kòkó fún. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí bàbá wà nínú rẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ti wá wọn oko wọn. Bí ẹnì kan bá ti wá, ẹ béèrè ẹni tó rán an, kí ẹ sì gba ẹ̀dà àwòrán náà sọ́wọ́.